Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó ní Sábó: Àtúnṣe Ni àbí Kí A Ra Òmíràn?

Ní Sábó, ní Yábàá, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba College of Technology, ẹni tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ bá dákẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí òun tún un ṣe tàbí kí òun ra òmíràn. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà nìkan kò tó fi ṣe ìdájọ́, nítorí pé ibi tí àìsàn rẹ̀ wà ló ṣe kókó jù.

Bí kò bá tan rárá, power pack ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìyẹn àpótí irin tó ń sọ iná 230 fóòtì di iná kékeré tí kọ̀ǹpútà lè lò, nítorí pé òun ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ó ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ má ṣe tú u, torí pé iná lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀. Bí aago ẹ̀rọ bá ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ló sábà máa ń ti kú. Bí ó bá ń falẹ̀, SSD, tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, lè rọ́pò hard disk tí àwo rẹ̀ ń yí, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò sì hàn kedere. Motherboard tó jóná, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ló sábà máa ń mú kí àtúnṣe má mọ́gbọ́n wá mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé òmíràn tí wọ́n fẹ́ rà lè jẹ́ tòkunbọ̀, tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún púpọ̀ lókè òkun. Ìwádìí tí United Nations University àti Basel Convention Coordinating Centre ti Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ oníná, kọ̀ǹpútà àti irú ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú, ló ń wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán 19 nínú 100 lára wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sọ ẹ̀rọ tó mọ àìsàn rẹ̀ nù nítorí power pack lè lọ fowó ra àìsàn tí kò mọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, kò ṣeé fojú fò, nítorí pé ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn déédéé fún un dúró, tí Windows 11, tó tẹ̀lé e, kò sì gba ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ tí processor Intel inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣáájú ìran kẹjọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì lè fi Linux, ètò irú Windows tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá sì máa ra tòkunbọ̀, kí ó rí i pé, bí processor rẹ̀ bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, kí wọ́n tan án níwájú rẹ̀, kí ó sì yọ hard disk inú ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́, nítorí fáìlì rẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ó tó gbé ẹ̀rọ náà fún ẹnikẹ́ni.