Ẹ Dijú Ná, Ọ̀gá

"Èló ló máa ná wa?" Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá nìyẹn bí òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n tún ìkànnì ayélujára wọn ṣe kí ẹni tí kò ríran lè lò ó. Àwọn tó ṣètò Olimpíìkì Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, fúnra wọn dáhùn rẹ̀: mílíọ̀nù 2.2 dọ́là Ọsirélíà.

Ọ̀gbẹ́ni Bruce Maguire, tí kò ríran, ló fẹjọ́ wọn sùn nítorí ìkànnì wọn lóṣù Kẹfà ọdún 1999. Ìka ló fi ń ka íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ̀rọ kan máa ń sọ ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà di àmì Braille fún un. Bí ẹ̀rọ ọ̀hún bá pàdé àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò kọ àlàyé sí, kò sí nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa bà. Kí wọ́n kọ gbólóhùn kúkúrú sídìí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí àtẹ èsì ìdíje náà sì ṣe é kà: ara ohun tó béèrè nìyẹn.

Àwọn olùṣètò ní iṣẹ́ náà á gba ẹnì kan ju ọdún kan lọ. Àwọn onímọ̀ tó wá jẹ́rìí, Tom Worthington àti Jutta Treviranus, ní kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá. (Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Maguire fẹjọ́ sùn, àríyànjiyàn ló jẹ ẹ́ tán.) Lóṣù Kẹjọ ọdún 2000, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dá Maguire láre. Àwọn olùṣètò ò tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ni àjọ náà bá ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là fún un.

Ìrókò tí wọn ò pẹ̀ka rẹ̀ ní kékeré ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń kọ àlàyé bó ṣe ń gbé àwòrán síbẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n níṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún ojú ewé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń dáni lágara.

Ẹjọ́ máa ń ba ọ̀gá lẹ́rù lóòótọ́. Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ Target ní Amẹ́ríkà gbà láti san mílíọ̀nù 6 dọ́là kí ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tí kò ríran pè é lè parí. Ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ẹ̀rù bà, lọ́yà ló ń sá lọ bá, kì í ṣe oníbàárà.

Ẹ gbé fóònù lé ọ̀gá lọ́wọ́. TalkBack wà lórí ọ̀pọ̀ Android, VoiceOver wà lórí iPhone, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n á máa ka ojú fóònù sókè. Ẹ ní kó dijú, kó wá ra ọjà kan ṣoṣo lórí ìkànnì ara rẹ̀. Níbi tó yẹ kó ti gbọ́ "san owó," ó lè jẹ́ "bọ́tìnì" lásán ló máa gbọ́. Bó bá tún sún síwájú, "bọ́tìnì." Ẹ má dá a lóhùn títí yóò fi béèrè pé, "Bọ́tìnì kí ni?"