Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Ní Kuru, Kí Ló Sì Kan Ọjà Wa?

 

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí léèrè nípa lẹ́tà kékeré mẹ́ta tó máa ń wà lẹ́yìn orúkọ àwọn ọ̀gá ìjọba nínú ìwé ìpè: mni. Àwọn kan rò pé oyè ìjọ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹni náà ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kuru, lẹ́bàá Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau. NIPSS ni wọ́n ń pè é ní ìgékúrú. Láyé ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní 1979.

Kì í ṣe yunifásítì o. Àwọn tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ ló ń lọ síbẹ̀: dírẹ́kítọ̀ nílé-iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gágun, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ọ̀jọ̀gbọ́n, àti díẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ aládàáni. Wọ́n á lò tó oṣù mẹ́wàá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn ní kókó iṣẹ́ lọ́dọọdún. Ní 2022, Ààrẹ Buhari ní kí wọ́n lọ wádìí bí ìjọba ìbílẹ̀ yóò ṣe lágbára sí i. Wọ́n á pín ara wọn, wọ́n á rin ìpínlẹ̀ káàkiri, wọ́n á dé òkè òkun, wọ́n á padà wá jiyàn, wọ́n á wá kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan tí wọ́n á gbé lọ fún Ààrẹ. Ìwé yẹn kì í ṣe òfin, ìmọ̀ràn ni. Ààrẹ lè lò ó, ó sì lè jẹ́ kó máa gba eruku.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún? Bí a ṣe ń gbé ìlànà ìjọba kalẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé. Ká ní ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí lọ́ọ̀rì tòmátì máa já ẹrù lóru dípò ọ̀sán, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ ẹrù? Ṣé iná wà? Ṣé iye tí alábàárù ń gbà lọ́sàn-án ló máa gbà lóru? Obìnrin tó ní ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Bí a kò bá bi àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó pàṣẹ, ọjọ́ kẹta ni gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn, àfi pé orílẹ̀-èdè ni tiwọn: kí ni ìṣòro gan-an, ọ̀nà mélòó la lè gbà, ta ni yóò ru ìnira ẹ̀, ta ni yóò ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìjọba bá fo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kó rántí owó tuntun.

Ní 26 oṣù kẹwàá 2022, Ọ̀gbẹ́ni Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ìdí tó sọ kì í ṣe ìdí wèrè. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà nílẹ̀, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí ní báńkì, pé ayédèrú owó pọ̀, pé àwọn ajínigbé ń gbowó. Ṣùgbọ́n owó tó wà níta yẹn, ọwọ́ ta ló wà? Àwọn olówó ńlá kó tiwọn pamọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún wà nínú igbá wa, nínú tòbí wa, lọ́wọ́ alájọ, lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà lóko tí kò sí báńkì. Owó tí wọ́n ní ó sá lọ, òun gan-an ni ọjà fi ń mí.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, mínísítà ètò ìnáwó, Arábìnrin Zainab Ahmed, sọ fún àwọn sẹ́nétọ̀ pé wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà lọ ilé-iṣẹ́ òun. Mínísítà owó o! Bí wọn ò bá bi òun, ṣé aláta ni wọ́n máa wá bi?

Ẹ mọ ìyókù. 31 oṣù kìíní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un sí 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọ báńkì lọ, tuntun kò jáde tó. Oníbàárà á dé ìsọ̀ mi, owó wà ní báńkì rẹ̀, tránsífà ò wọlé, tòmátì ń jẹrà lójú àwa méjèèjì. Àwọn oní-POS ń gba owó gọbọi kí wọ́n tó fún wa lówó ara wa. Ní 16 oṣù kejì, Ààrẹ Buhari sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé 200 àtijọ́ nìkan la lè máa ná, títí di 10 oṣù kẹrin.

Ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara ló kọ́kọ́ gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 3 oṣù kẹta 2023, ilé-ẹjọ́ ní Ààrẹ kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ìpínlẹ̀ àti ìgbìmọ̀ tó yẹ kó gbọ́, pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di 31 oṣù kejìlá. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó tún ní kí a máa ná méjèèjì lọ. Ẹ wò ó dáadáa: adájọ́ ò sọ pé ìjọba ò lè pààrọ̀ owó. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló bá wí.

Ààrẹ ní àwọn mínísítà tó ń bá a gbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé wà tí Igbákejì Ààrẹ jẹ́ alága ẹ̀, tí àwọn gómìnà ń jókòó sí. Kò sí àga ìyálọ́jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gómìnà tiwa wà níbẹ̀, a sì mọ ọ́fíìsì rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ ẹnu nìkan la máa gbé lọ.

Nítorí náà, kí ìyá ẹgbẹ́ aláta, elépo, aláṣọ àti àwọn yòókù mú ìwé kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀: ohun tó ń dun ìsọ̀ wọn, èèyàn mélòó ló kàn, iye tí wọ́n ń pàdánù lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó wá bá mi ní ìsọ̀ mi lẹ́yìn agogo mẹ́rin, màá bá a kọ ọ́.