LÉKÈÉLÉKÈÉ MÉJÌ NÍ ETÍ ÒKUN ÌLÀJẸ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe gbogbo ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ní lékèélékèé. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ní Ugbónlá, ẹyẹ méjì ni ó wà lábẹ́ orúkọ náà.

Èkíní ni èyí tí àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ sí pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Àgógó ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹ̀yìn màlúù ni ó ń tọ̀, kí ó lè ṣa tata tí màlúù bá fi ẹsẹ̀ lé dìde. Omi kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Nítorí náà, bí a ti ń ṣán igbó ni ó ń pọ̀ sí i. Ó tilẹ̀ fò la òkun já dé Amẹ́ríkà, ó sì ti ń pa ọmọ ní Florida ní 1953.

Èkejì, tí a ó máa pè ní lékèélékèé omi kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ní àgógó dúdú àti ẹsẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Òun a máa fi ẹsẹ̀ yìí gbọn ẹrọ̀fọ̀ níbi tí omi kò jìn, kí edé àti ẹja wẹ́wẹ́ lè sá jáde: ọgbọ́n tí àwọn apẹja wa pàápàá kò ní kẹ́gàn. Ẹwà rẹ̀ ni ó kó o sí wàhálà. Ní àkókò tí ó ń yé ẹyin, ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ a hù sí i lẹ́yìn. Nígbà kan rí, àwọn obìnrin Yúróòpù ń fi í ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́, owó rẹ̀ sì ju ti wúrà lọ ní ìwọ̀n kan náà. Ọdẹ a pa ìyá, ebi a sì pa ọmọ inú ìtẹ́. Ní 1889, Emily Williamson dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Manchester láti kọ ọ̀ṣọ́ yìí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ka kíkó irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé léèwọ̀ ní 1921.

Ẹgbẹ́ IUCN kọ àwọn méjèèjì sí ara àwọn ẹyẹ tí ìparun kò tíì súnmọ́. Òótọ́ ni, bí a bá ka ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n irú ìkà bẹ́ẹ̀ kò sọ ti Ugbónlá fún wa. Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ, a sì ń gé àwọn igi inú omi iyọ̀ láti fi yan ẹja. Ní oṣù kìíní 1998, epo rọ̀bì tí ó tó àgbá 40,000 tú láti Idoho ní etíkun Akwa Ibom, ó sì ṣàn títí dé Èkó. Bí epo bá bo ẹrọ̀fọ̀, edé a kú. Lékèélékèé ti màlúù lè bá màlúù gòkè lọ. Ṣùgbọ́n etí omi ni èkejì ti ń wá oúnjẹ jù lọ.