Ọ̀kadà àlòkù: ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù bò mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀kadà àlòkù, tánkì tó ń dán àti ìjókòó tuntun lojú yín máa kọ́kọ́ rí. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún lọ́dà, àmọ́ inú ẹ́ńjìnnì lọ̀rọ̀ wà.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kano fòfin de ọ̀kadà akérò, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní achaba, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi alùpùpù kó ọjà ara rẹ̀ kò ṣíwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Sabon Gari níbí, tó ń gbé búrẹ́dì kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Owó àjọ tó kó ló fi ra Bajaj Boxer lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó rí. Kò pé oṣù kan tí èéfín aláwọ̀ aró fi ń rú jáde ní sàlẹ́ńsà. Bó bá da ọ́ìlì sí i lónìí, kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti lọ sílẹ̀.

A wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì tú u. Kò sí gáskẹ́ẹ̀tì nídìí síléńdà rárá, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí i yípo. Gọ́ọ̀mù ọ̀hún ti ya wọnú, ó sì ti dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà gòkè lọ sí orí síléńdà. Ibi tí ọ́ìlì kò bá dé, irin á máa jẹ irin ni. Kámúṣáfútì ti há yánnayànna. Ríìngì ńkọ́? Ẹnu wọn, tó yẹ kó kọ ẹ̀yìn síra wọn, tò sójú kan náà gbọọrọ, wọ́n sì ti dojú èkejì délẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun gan-an ló ń fa ọ́ìlì sókè lọ síbi tí epo ti ń jó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì bàjẹ́ tán?" lọmọkùnrin náà ń bi í.

"Àbúrò, fara balẹ̀ ná. Ẹni tó ṣe èyí kò parí iṣẹ́ kíkọ́."

Àwa ò pe ẹni tó tà á lólè o. Ó lè jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ kan ló bá a ṣe é, tóun náà sanwó tó gbà pé ó ti dáa.

Ọ̀gá náà fi ohun tí olùrà lè wò hàn wá. Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó ta á níná. Bí ẹ bá bá a tó ti gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè. Kẹ́ ẹ wo orí bọ́ọ̀tù bóyá sípánà ti jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì wo gọ́ọ̀mù tó yọ létí ẹ́ńjìnnì.

Síléńdà ṣì ṣeé lò. Kámúṣáfútì ni wọ́n ṣì ń wá owó rẹ̀, ẹsẹ̀ lọmọkùnrin náà sì fi ń gbé búrẹ́dì báyìí, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó jìnnà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.