Bí Ajá Iwin Ṣe Dá Sherlock Holmes Padà

The Hound of the Baskervilles, ìwé Arthur Conan Doyle, wà lára ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láyé. Ajá ràgàjì kan tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ló ń dọdẹ ìdílé ọlọ́lá kan ní Dartmoor, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ England. Wọ́n ké sí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kó wá wò ó bóyá iwin ni tàbí ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn yìí kọ́kọ́ sọ sí Doyle lọ́kàn, kò sí Holmes nínú rẹ̀ rárá. Ajá ló kọ́kọ́ dé.

Lóòótọ́, Holmes ti kú nígbà náà. Doyle, dókítà tí wọ́n bí ní Edinburgh ní 1859, gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú A Study in Scarlet ní 1887. Àwọn ìtàn kéékèèké tó ń jáde nínú The Strand, ìwé ìròyìn olóṣooṣù, láti 1891 ló wá sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Òkìkí náà sú ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìtàn àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ni Doyle fẹ́ kí aráyé fi rántí òun, Holmes kò sì jẹ́ kó ráyè. Ní oṣù Kejìlá 1893, ó jẹ́ kí Holmes àti Moriarty ọ̀tá rẹ̀ jọ ré sínú ọ̀gbun níbi tí omi Reichenbach ti ń dà ṣììṣì ní Switzerland. Inú bí àwọn òǹkàwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ra The Strand mọ́, síbẹ̀ Doyle kò yíhùn padà.

Ní 1900, ó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Bloemfontein, nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà. Inú ọkọ̀ òkun tó gbé e bọ̀ nílé ni òun àti akọ̀ròyìn kan, Bertram Fletcher Robinson, ti di ọ̀rẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, àwọn méjèèjì jọ lọ sinmi ní Cromer, ní etí òkun Norfolk, kí wọ́n lè gbá gọ́ọ̀fù. Ibẹ̀ ni Robinson ti sọ ìtàn ajá iwin fún un. Norfolk fúnra rẹ̀ ní ajá dúdú tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Shuck, ṣùgbọ́n ìtòsí Dartmoor ni Robinson ti dàgbà, ìtàn sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan dá lórí Richard Cabell ti Buckfastleigh, ọlọ́lá kan tó kú ní 1677. Wọ́n ní ìkà ènìyàn ni, àti pé àwọn ajá dúdú a máa hu yí ibojì rẹ̀ ká lóru.

Doyle kọ̀wé sí Herbert Greenhough Smith, olóòtú The Strand, pé ìtàn adẹ́rùbani kan ti wà lọ́wọ́ òun, àti pé orúkọ Robinson gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀ pẹ̀lú tòun. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ló rí i pé ìtàn náà nílò alágbára kan tí yóò tú ìdí ọ̀ràn. Ó ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ìdí láti dá òmíràn. Owó náà kò gbẹ́yìn. Bí Holmes kò bá sí níbẹ̀, 50 pọ́ùn ni iye tó bèèrè fún ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí Holmes bá wà níbẹ̀, 100 pọ́ùn. The Strand gbà. Doyle kò sì jí òkú. Ó kàn fi ìtàn náà sí ìgbà tí Holmes ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn èyí ni òun àti Robinson lọ fojú ara wọn rí Dartmoor. Princetown ni wọ́n dé sí, ìlú tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan wà. Wọ́n rìn káàkiri orí òkè gbalasa tí kò sí igi, wọ́n rí ahéré olókùúta àwọn ará ayé ìjímìjí ní Grimspound, àti irà tó lè gbé ẹṣin mì. Gbogbo rẹ̀ ló wọnú ìwé: ẹlẹ́wọ̀n kan sá jáde, Holmes sùn nínú ahéré òkúta, irà sì di ibi tí ọ̀daràn fi ajá pamọ́ sí. Orúkọ ìdílé inú ìtàn náà kò jìnnà. Harry Baskerville lorúkọ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún ilé Robinson.

Bí iwin ṣe ṣáájú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ hàn nínú ètò ìwé náà. Ìtàn àtijọ́ nípa Hugo Baskerville, ìkà tí ajá ọ̀run fà lọ́fun ya, ló kọ́kọ́ wá, kí Holmes tó ṣe ìwádìí kankan. Lẹ́yìn náà, Doyle mú Holmes kúrò lójú òǹkàwé fún orí ìwé mélòó kan. Watson, ọ̀rẹ́ Holmes, nìkan ló rán lọ sí Dartmoor, nítorí pé ibi tí Holmes bá wà, ẹ̀rù kì í pẹ́ níbẹ̀. Watson ń bẹ̀rù bí gbogbo ènìyàn, ojú rẹ̀ sì ni òǹkàwé fi ń rí kùrukùru àti igbe òru.

Ṣùgbọ́n Doyle ti gbin àmì sílẹ̀. Ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnìkan jí bàtà tuntun Henry Baskerville, àrólé ìdílé náà, ó dá a padà, ó wá jí ògbólógbòó. Bàtà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ kò ní òórùn ènìyàn tí ajá lè tọ̀. Iwin kò sì nílò bàtà kó tó mọ ẹni tó ń wá. Ní ìgbẹ̀yìn, ajá gidi ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rà á, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kùn ún kó lè máa tàn lóru. Ìbátan kan tó fi orúkọ pamọ́, tó sì fẹ́ jogún ilé, ló wà nídìí rẹ̀.

The Strand tẹ ìtàn náà jáde láti oṣù Kẹjọ 1901 títí di oṣù Kẹrin 1902, pẹ̀lú àwòrán tí Sidney Paget yà. Ó di odidi ìwé ní oṣù Kẹta 1902. Orúkọ Doyle nìkan ló wà lẹ́yìn ìwé. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni Robinson rí gbà nínú rẹ̀. Ó kú ní 1907, ní ọmọ ọdún 36.

Nígbà tí yóò fi di 1903, Doyle ti jí Holmes dìde tán pátápátá: ó ní kò bọ́ sínú ọ̀gbun náà rárá. Doyle fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn òkú ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Ó ti wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1893, láti 1916 ló sì ń kéde ìgbàgbọ́ náà ní gbangba. Kò jẹ́ kó ran Holmes. Ní 1924, tí Doyle ń wàásù ọ̀rọ̀ ẹ̀mí káàkiri, ó gbé ìtàn ìyá kan tí wọ́n bá níbi tó ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ mu jáde. Holmes wò ó fínnífínní, ó ní májèlé ni ìyá ń fà jáde lára ọmọ, àti pé ẹ̀gbọ́n tó ń jowú ló fi í sí i lára.