Abẹ́rẹ́ Tí A Gún Tán, Ta Ni Ó Ni Ín?

Àwọn àgbà wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa òwe náà. Lónìí abẹ́rẹ́ mìíràn ti kún ìgboro wa, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún wa ní apá tàbí ní ìdí. Ọmọ tuntun ń gbà á, aboyún ń gbà á, ẹni tí ó sì fẹ́ lọ sí Mẹ́kà kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú láìgbà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ènìyàn káàkiri ayé lọ́dọọdún tó bílíọ̀nù 16. Kí a tó gún abẹ́rẹ́, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ni ín: ẹni tí ó fi owó rà á ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gún un tán, ta ni ó ni ín? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan

Ẹ jẹ́ kí á tọ ipasẹ̀ sìríǹjì kan ṣoṣo. Rọ́bà ni ara rẹ̀, inú epo rọ̀bì ni a sì ti ń rí èròjà tí a fi ń ṣe rọ́bà náà. Irin ni ẹnu rẹ̀. Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá àti pépà dì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o sínú páálí kékeré, wọ́n sì tún kó àwọn páálí kékeré sínú páálí ńlá. Bí ó bá jẹ́ òkè òkun ni ó ti wá, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e dé Àpápá. Ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn tí ń ta oògùn ní páálí-páálí yóò rà á, àwọn tí ń tà á ní ẹyọ-ẹyọ yóò rà á lọ́wọ́ wọn, títí yóò fi dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò wa, ní Ṣómólú tàbí Bàrígà.

Ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wá ṣe kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ìṣẹ́jú náà bá kọjá, ẹni tí ó ṣe é ti gba owó rẹ̀, ẹni tí ó gbé e ti gba tirẹ̀, ẹni tí ó tà á ti jẹ èrè, aláìsàn sì ti ń lọ sílé rẹ̀. Sìríǹjì nìkan ni ó kù nílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí á padà sí ti àtijọ́. Àwọn àgbàlagbà àárín wa rántí sìríǹjì onígíláàsì tí wọ́n máa ń sè nínú omi kí wọ́n tó tún fi gún ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá sè é dáradára, àrùn ara ẹnìkan a bọ́ sí ara ẹnìkejì. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti UNFPA fi pa ohùn pọ̀ ní ọdún 1999 pé, kí ọdún 2003 tó parí, irú sìríǹjì tí kò ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa fi gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun rere ni, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń lò lẹ́ẹ̀kan kí á tó jù ú nù, ibi tí a ó jù ú sí ni ó di ọ̀ràn.

Àpò tí kò ní orúkọ

Ní ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ti ọmọlanke wọ inú ọgbà mọ́sálásí wa, ó ní kí n jọ̀wọ́ fún òun ní omi. Mo rò pé ó fẹ́ mu ún ni, àṣé ọwọ́ ni ó fẹ́ fọ̀. Ó gbé àpò ìdọ̀tí kan, àpò náà ya, abẹ́rẹ́ sì gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ti fi iyẹ̀pẹ̀ ra ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, ilé ìwòsàn wo ni o ti gbé àpò náà?” Ó dáhùn pé, “Àfáà, ojúlé mẹ́fà ni mo ti kó ìdọ̀tí láàárọ̀ yìí, ẹ má bínú. Àpò kò ní orúkọ.”

A fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́ rẹ̀, a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ó kàn yìí fún gbogbo ẹni tí ń ti ọmọlanke àti ẹni tí ń ṣa bọ́lá. Bí abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B bá gún ènìyàn 100 tí kò gba àjẹsára rẹ̀, ó lè ran nǹkan bí 30 nínú wọn. Ti kòkòrò HIV kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 1,000 ni, ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta náà? Àjẹsára wà fún hepatitis B. Oògùn tí ń dènà HIV wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò ó kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá sì ti yá tó ni ó ti dára tó. Kí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún má ṣe fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, kí ó má ṣe fi iyẹ̀pẹ̀ ra á. Ọṣẹ àti omi ni, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ, pé àpò kò ní orúkọ, kò kúrò ní ọkàn mi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà ń bọ̀ láti iléeṣẹ́, orúkọ wà lára páálí rẹ̀, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó di ìdọ̀tí, gbogbo orúkọ pòórá.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ṣé kí á má kúkú dáná sun ún ni?” Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ààrò tí a lè fi sun irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ láìṣe ènìyàn ní ibi, ooru rẹ̀ gbọdọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 850 sí 1,100, nígbà tí omi tí ń hó lórí ààrò wa kò ju 100 lọ. Iná tí a dá sínú páńù ní ẹ̀yìnkùlé kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Bí a bá sun irú àwọn rọ́bà kan nínú iná tí kò gbóná tó, májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin a máa jáde, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ní Ṣómólú àti Bàrígà níbi tí ilé fara kan ilé, yàrá ta ni èéfín náà ń wọ̀? Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ó ń tọ ẹni tí kò dà á pẹ̀lú.

Èyí tí a kò sun, gọ́tà ni òjò ń gbá a sí. Ọ̀sà ni omi òjò wa sì forí lé, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ti Bàrígà ń ta àwọ̀n wọn. Èyí tí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá kó, ààtàn ni ó ń lọ, àwọn tí ń ṣa bọ́lá sì wà níbẹ̀ tí ń fi ọwọ́ tú u. A kò tíì gbàgbé bí iná ṣe jó ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí èéfín sì da àwọn ará àyíká láàmú.

Ohun tí ó ṣeni ní kàyéfì ni pé púpọ̀ nínú ìdọ̀tí ilé ìwòsàn kò léwu rárá. Nínú gbogbo 100, nǹkan bí 85 kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí ilé wa, bíi páálí, pépà àti ìyókù oúnjẹ. Nǹkan bí 15 péré ni ó ní ewu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá da 15 mọ́ 85 nínú àpò kan ṣoṣo, gbogbo 100 náà di eléwu.

Àrùn COVID-19 fi hàn wá bí ẹrù náà ti wúwo tó. Ní ọdún 2020, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn náà wà ní Gbàgádà níbí, nítòsí wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò ní ọdún 2022 pé sìríǹjì, abẹ́rẹ́ àti àpótí wọn tí a fi gún àjẹsára tí ó lé ní bílíọ̀nù 8 fi 144,000 tọ́ọ̀nù kún ìdọ̀tí ayé. Ó tún ní nínú ilé ìwòsàn mẹ́wàá ní ayé, mẹ́ta kò ní ohun tí wọn yóò fi tọ́jú ìdọ̀tí tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, kí a tó wá sọ ti COVID.

Ẹni tí ó rán abẹ́rẹ́, kí ó rán àpótí rẹ̀

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ ti wà lójú wa tipẹ́. Nínú ìpinnu ọdún 1999 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣe òfin kan tí ó wù mí púpọ̀. Wọ́n ní àjẹsára kò gbọdọ̀ dá rìn. Ẹni tí ó bá rán àjẹsára gbọdọ̀ rán sìríǹjì rẹ̀, kí ó sì rán àpótí tí sìríǹjì náà yóò sùn sí nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Ẹ ó ti rí àpótí náà nígbà tí ẹ gbé ọmọ lọ gba àjẹsára: páálí líle ni, ó ní ihò kékeré lókè, ó sì ń gba nǹkan bí sìríǹjì 100. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kó ẹrù ní ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ro ìgbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ wá wò ó, díẹ̀ ni ti àjẹsára nínú abẹ́rẹ́ tí a ń gún. Ti ibà, ti àìsàn ara àti ti ìrora ni ó pọ̀ jù. Sìríǹjì tí nọ́ọ̀sì rà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn láti fi gún ẹni tí ibà ń ṣe, ó dá wá ni, kò ní àpótí kankan lẹ́yìn. Ohun tí ó tọ́ fún ọmọdé ọjọ́ mẹ́wàá, èéṣe tí kò tọ́ fún bàbá rẹ̀?

Àwọn iléeṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ìròyìn kan tí ẹgbẹ́ Health Care Without Harm gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú gbogbo èéfín tí iṣẹ́ ìlera ń tú sójú ọ̀run, 71 nínú 100 ni ó ń wá láti ibi ṣíṣe, gbígbé àti jíjù àwọn ohun tí ilé ìwòsàn ń rà. Nítorí náà, gbígbá ilẹ̀ ọsibítù nìkan kò tó. Ní orílẹ̀-èdè wa, àjọ NESREA gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2014 pé kí ẹni tí ó ṣe ọjà máa ní ọwọ́ nínú ìkójọ ìdọ̀tí rẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ ohun mímu ti kó ara wọn jọ lórí ọ̀ràn ìgò rọ́bà. Kí àwọn tí ń ṣe sìríǹjì àti àwọn tí ń kó o wọlé ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n dín ọ̀rá àti páálí tí a ń fi wé páálí kù. Àwọn onítẹ̀wé wa ní Ṣómólú mọ̀ pé pépà kò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ rán an létí tẹmọ́mítà tí ó ní mercury nínú, fàdákà olómi tí ń tàn yinrin. Ní Minamata ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì, iléeṣẹ́ kan da mercury sínú omi, ẹja mu ún, àwọn ènìyàn jẹ ẹja, ọ̀pọ̀ sì kú tàbí kí wọ́n di aláàbọ̀ ara. Ọdún 1956 ni a kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀. Ní ọdún 2013 ayé ṣe àdéhùn tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2018, ọdún 2020 sì ni a fi òpin sí ṣíṣe irú tẹmọ́mítà bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọlé. Dókítà ṣì ń wọn ooru ara wa. Ní Gánà pẹ̀lú, iṣẹ́ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 fún àwọn ilé ìwòsàn ní ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi pa kòkòrò inú ìdọ̀tí, kí wọ́n má baà máa sun ún.

Tiwa ńkọ́?

Ìwọ tí o ní ilé ìwòsàn kékeré, má ṣe dá gbogbo ìdọ̀tí pọ̀. Ti ilé lọ́tọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ nínú àpótí líle. Kọ orúkọ ilé ìwòsàn rẹ sí ara àpò náà. LAWMA ní ẹ̀ka tí ń rí sí ìdọ̀tí ilé ìwòsàn. Àwọn ni kí o pè, má pe ọmọlanke.

Ìwọ tí o ní àrùn àtọ̀gbẹ tí o ń gún ara rẹ ní insulin nílé, wá ike líle tí ó ní ìdérí, bíi ti ọṣẹ olómi. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, dé e pinpin, kí o sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí o ti ń gba ìtọ́jú. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, má ṣe dà á sínú gọ́tà tàbí ṣáláńgá. Béèrè lọ́wọ́ apoògùn bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, nígbà mìíràn tí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ ń kó abẹ́rẹ́ tí ẹ gún tán sí?” Ilé ìwòsàn tí ó ń ṣe é dáradára yóò fi àpótí rẹ̀ hàn yín tayọ̀tayọ̀. Èyí tí ojú bá tì yóò wá ọ̀kan rà kí ẹ tó padà dé.

Ta ni ó wá ni abẹ́rẹ́ tí a gún tán? Ẹni tí ó ṣe é ni ín, ẹni tí ó tà á ni ín, ẹni tí ó fi gún ènìyàn ni ín. Àmánà ni lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ti ọmọlanke, tí kò jẹ èrè kankan nínú rẹ̀, kò ní ìpín níbẹ̀ rárá. Kí á má ṣe jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ àpótí tí a kò rà.