Èyí Tí Òfin Kò Dárúkọ: Mọ́ọ̀tì, Họ́ọ̀pù àti Ìwúkàrà nínú Bíà Lágà

Ìbéèrè kan ti ń pọ̀ sí i láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo kọ́ nígbà kan, tí wọ́n ti di ẹni tó ń pọn bíà nílé báyìí, pàápàá àwọn tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ra mọ́ọ̀tì tó dára, àwọn ra họ́ọ̀pù láti Jámánì, síbẹ̀ ohun tó jáde kò jọ lágà. Ó dùn jù, tàbí ó korò jù, tàbí ó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Wọ́n á wá ní, "Prọ̀f, kí la máa fi kún un?"

Ìdáhùn mi ni pé ẹ má tíì fi nǹkan kan kún un. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ohun mẹ́ta yìí, mọ́ọ̀tì, họ́ọ̀pù àti ìwúkàrà, ń ṣe fún ara wọn. Gbogbo ìwọ̀n ooru tí mo bá kọ nísàlẹ̀ yìí, ti Celsius ni.

Ní ọdún 1516, àwọn olórí ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì ṣe òfin pé ọkà bálì, họ́ọ̀pù àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Òfin náà lókìkí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò dárúkọ ìwúkàrà rárá! Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí kan ló ń sọ omi ọkà di ọtí. Ọdún 1883 ni Emil Christian Hansen, ní ilé ìwádìí Carlsberg ní Denmark, tó yọ ẹyọ ìwúkàrà lágà kan ṣoṣo sọ́tọ̀, tó sì tọ́ ọ dàgbà láìsí àdàlù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tí òfin kò dárúkọ yìí gan-an ló máa ń sọ bóyá mọ́ọ̀tì àti họ́ọ̀pù wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tàbí wọn kò sí.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́ọ̀tì. Kì í ṣe èyí tó wà nínú ìgò, tí a ń gbé fún àlejò tí kì í mu ọtí, ni mò ń wí. Ọkà ni. A rẹ ẹ́ sómi títí ó fi hù, a wá fi ooru gbẹ ẹ́ kí ó má baà di koríko. Àwọn ìyá wa tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dunjú; àgbàdo ni tiwọn. Bí ọkà bá ti ń hù, ó máa ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó lè sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Apọntí á lọ mọ́ọ̀tì náà, á pò ó mọ́ omi gbígbóná, á fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Bí àpòpọ̀ náà bá wà ní digirì 63 sí 65, ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ ló máa pọ̀ jù, bíà á sì gbẹ lẹ́nu. Bó bá tó digirì 70, èyí tí ìwúkàrà kò lè jẹ á pọ̀ sí i; bíà á nípọn lẹ́nu, á sì ṣẹ́ adùn kù. Ọkà kan náà, omi kan náà o, digirì márùn-ún péré ló yà wọ́n.

Họ́ọ̀pù ńkọ́? Òdòdó igi kan tó ń fà bí iṣu ni. A máa ń sè é pẹ̀lú omi mọ́ọ̀tì. Èyí tó bá pẹ́ lórí iná, bíi wákàtí kan, á mú ìkorò wá. Èyí tí a bá jù sí i nígbà tó kù díẹ̀ ká gbé e kalẹ̀, òórùn dídùn ló ń mú wá. Họ́ọ̀pù sì tún ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń mú ọtí kan kíkan. Àwọn apọntí ní òṣùwọ̀n fún ìkorò náà, IBU ni wọ́n ń pè é: ẹyọ kan jẹ́ bíi mílígíráàmù kan ohun kíkorò nínú lítà bíà kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹ bá fi háídírómítà wọn omi mọ́ọ̀tì kí ìwúkàrà tó wọ inú rẹ̀, tó fi 1.050 hàn, ẹ mú 50. Ẹ wá fi 50 yẹn pín ìkorò. Lágà ìlú Munich tí wọ́n ń pè ní Helles máa ń wà ní bíi ìkorò 20 sí 48: ìdá 0.4 nìyẹn, mọ́ọ̀tì ló ń sọ̀rọ̀. Lágà ìlú Plzeň ní ilẹ̀ Czech, tí Josef Groll kọ́kọ́ pọn ní ọdún 1842, máa ń sún mọ́ ìdá 0.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: họ́ọ̀pù náà ní ohùn níbẹ̀. Méjèèjì ló wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ rí i pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kò túmọ̀ sí pé kí ohun méjì dọ́gba. Ó túmọ̀ sí pé kí ọ̀kan má pa ẹnu èkejì mọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò tíì kan ìwúkàrà. Ká ní apọntí méjì pọn omi mọ́ọ̀tì kan náà, 1.050, pẹ̀lú ìkorò 34. Ìwúkàrà ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ ṣúgà títí òṣùwọ̀n fi dé 1.010. Bíà rẹ̀ ní ọtí líle bíi ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ó gbẹ, ìkorò rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu. Ìwúkàrà ti ẹnìkejì kò pọ̀ tó, ó rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó dúró sí 1.016. Ọtí líle tirẹ̀ kò ju bíi ìdá 4.5 lọ, adùn sì bo ìkorò mọ́lẹ̀. Ẹnìkejì yìí á ní họ́ọ̀pù òun ló kéré. Bó bá tún pọn òmíràn, á fi họ́ọ̀pù kún un. Ó di kíkorò àti dídùn nínú ife kan ṣoṣo, bí ẹni tó da ṣúgà sínú àgbo! Ìwúkàrà ló yẹ kó tún ṣe.

Kí wá ni ìwúkàrà lágà ń fẹ́? Òtútù, iye tó pọ̀ tó, àti sùúrù. Ní Bavaria, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1553 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọn bíà ní àsìkò ooru, nítorí bíà ìgbà ooru máa ń bàjẹ́. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń pọn ọ́n, tí wọ́n á sì fi í pamọ́ sínú ihò tútù. Ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí fífi nǹkan pamọ́ ni lágà ti wá. Ìwúkàrà tó fẹ́ràn òtútù ló gba ipò níbẹ̀. Àdàmọ̀dì ẹ̀yà méjì ni: ọ̀kan jẹ́ irú èyí tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, ìkejì sì fara pamọ́ fún àwọn onímọ̀ títí di ọdún 2011, nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n rí i nínú igbó Patagonia ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, á yára ṣiṣẹ́, á sì tú òórùn èso àti ọtí líle tó ń ta ní ọ̀fun sínú bíà. Nínú lágà, kò sí ibi tí irú àléébù bẹ́ẹ̀ lè sá pamọ́ sí.

Èyí ni ìlànà lítà 20 tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún:

Mọ́ọ̀tì bálì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ti Pilsner, kílò 4.5. Ẹ jẹ́ kó wà ní digirì 65 fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sì sè é fún wákàtí kan àtààbọ̀ láìdé ọmọrí, nítorí òórùn kan wà nínú mọ́ọ̀tì yìí, bíi ti àgbàdo inú agolo, tó gbọ́dọ̀ bá ooru lọ.

Họ́ọ̀pù Saaz, gíráàmù 60 nígbà tó bá ku wákàtí kan; 30 nígbà tó bá ku 20 ìṣẹ́jú; 30 nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí á fún yín ní ìkorò bíi 34.

Ìwúkàrà lágà gbígbẹ, páálí méjì. Ẹ má ṣe ahun níbí o. Lágà ń fẹ́ bíi ìlọ́po méjì iye tí bíà olóoru ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi mọ́ọ̀tì tutù dé digirì 10 kí ẹ tó dà á sí i, kí ó sì wà ní 10 sí 12 fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ṣúgà bá ti lọ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ gbé e sókè sí 16 fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ìwúkàrà lè jẹ ohun tó ń rùn bíi bọ́tà tí òun fúnra rẹ̀ ti tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí digirì 1 tàbí 2 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tó wà nílé á sọ pé: "Prọ̀f, mọ́ọ̀tì bálì ti wọ́n, oòrùn sì ń ràn." Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1949 ni wọ́n ti ń pọn bíà Star ní Èkó. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì bálì wọlé, àwọn iléeṣẹ́ bíà sì ní láti yíjú sí ọkà bábà àti àgbàdo. Àwọn onímọ̀ wa, títí kan àwọn ará FIIRO ní Òṣòdì, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọkà bábà fún bíà. Nígbà tí wọ́n gbé òfin náà kúrò, ọkà bábà kò kúrò nínú bíà wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ti ọkà bábà kì í ṣe lágà gidi, ẹ sọ fún un pé ìwúkàrà àti òtútù ló ń sọ bíà di lágà.

Àmọ́ ọkà bábà ní ìwà tirẹ̀. Sítáàṣì rẹ̀ kì í rọ̀ àfi tí ooru bá kọjá digirì 70 dáadáa, bẹ́ẹ̀ ooru yẹn ni yóò pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ nìyí: ẹ pò ó ní bíi digirì 45 fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ rọra bu omi tó mọ́ lókè sọ́tọ̀, torí inú rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù wà. Ẹ sè gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ bí ẹni ro ògì, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ wá da omi yẹn padà kí gbogbo rẹ̀ wà ní digirì 65. Ọkà bábà kò ní èèpo bíi ti bálì, nítorí náà ẹ po èèpo ìrẹsì tí ẹ ti fọ̀ mọ́ ọn kó lè ṣeé sẹ́. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń mú un hù, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì gbo gbogbo gbòǹgbò àti èhù rẹ̀ dànù. Májèlé sáyánáìdì ń wà nínú èhù ọkà bábà. Mi ò fi èyí ṣeré o.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbé họ́ọ̀pù. Bó bá fi 1.042 hàn, ìkorò 34 á di ìdá 0.8, á ta lẹ́nu. Ẹ dín in kù sí bíi 29. Àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì wa ti dán orógbó àti ewúro wò dípò họ́ọ̀pù. Wọ́n korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn wọn yàtọ̀, òṣùwọ̀n họ́ọ̀pù kò sì bá wọn mu. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi wọ́n dán an wò, nínú lítà kan péré.

Ní ti ooru, fíríìjì àlòkù pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń pa á tó sì ń tàn án gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ooru ti tó. Bí iná ìjọba bá lọ, ẹ má ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ti to ìgò omi dídì yí ike bíà náà ká ṣáájú. Bí owó yín bá ṣẹ́kù lẹ́yìn mọ́ọ̀tì, ẹ má fi ra họ́ọ̀pù olówó ńlá. Ẹ fi ra páálí ìwúkàrà kejì.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ mu ún níwọ̀n o.